Mo Fi Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé-Iṣẹ́ Bo Àṣírí Ara Mi

Kí n má tan yín jẹ: n kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí ọ̀tá méjì ti dì mọ́ra wọn níparí, kí ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ìwọ tí ò ń kà á bá jẹ́ obìnrin tó ní ohun kan tí ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí, tí o sì rò pé kọ́kọ́rọ́ ti parí ẹjọ́ náà, sún mọ́ mi.

Ọlábùnmí ni orúkọ mi. Ní ọdún 1978, èmi àti ọkọ mi, Adébánjí, ń gbé ní fúláàtì kan ní Festac, lẹ́yìn Fifth Avenue. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Adébánjí ń ṣe. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa nìyẹn, a kò sì tíì bímọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà láyìíká ni à ń bá tọ́jú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn: ìgbà tí oníkálukú wọ iṣẹ́, ipò tó wà, ìgbà tó ṣàìsàn, ìgbà tí ẹ̀rọ ṣe é léṣe. Bí a bá ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tán, ọ̀pọ̀ wọn a dáná sun káàdì tí wọ́n ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ayé ti di ayé ẹ̀rọ.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé káàkiri. Tiwa kún yàrá kan gbáko, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí i láti àárọ̀ di àárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Owólabí, bẹ̀rù olè ju ikú lọ. Ó fi ilẹ̀kùn onírin sí yàrá náà. Ó gba ọdẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí a gbọ́dọ̀ kọ kí ẹ̀rọ tó dá wa lóhùn, a sì máa yí i padà lóṣooṣù.

Lọ́jọ́ kan, ó pè mí.

"Ọlábùnmí, bí iná bá jó ilé yìí lónìí, kí ló máa kù?"

"Àwọn téèpù tí a fi da gbogbo rẹ̀ kọ ni, sà."

"Téèpù tó wà nínú ilé tó ń jó?"

Mo yíjú wo àwọn téèpù tó wà lórí pẹpẹ.

Ibẹ̀ ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni a ó máa da ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kọ sórí téèpù kan, roboto bí èyí tí wọ́n fi ń ṣe sinimá, nínú àpótí rọ́bà pẹlẹbẹ. Èmi tí ilé mi sún mọ́ tòsí ni n ó máa gbé e lọ sílé, n ó sì gbé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá padà wá. Ọ̀gá ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan, ó ní kí wọ́n gbé e sí yàrá mi.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Olè tó wà níta, ọ̀rọ̀ àṣírí wa lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lè kan téèpù yìí, ó ti borí wa. Kò ní í bèèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kankan. Ó lè gbé e lọ. Ó lè sun ún. Ọwọ́ ta ni yóò máa kàn án?"

"Ọwọ́ mi nìkan, sà."

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní. Ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ, ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Mú tèmi wá lọ́jọ́ Ajé."

Mo ní mo ti gbọ́. Ní tòótọ́, mo ní in lọ́kàn láti mú un lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá.

Ẹ̀gbọ́n Adébánjí ni. Agbẹ̀bí ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Abúlé Adó. Nígbà tí onílé lé e kúrò níbi tó ń gbé, Adébánjí ní kó wá bá wa gbé títí yóò fi rí ilé mìíràn. Kò wá ilé mìíràn. Obìnrin gíga ni, kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ń wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ bí ológun.

Kò sí ohun tí kì í ṣí nílé mi. Ó ń ṣí ìkòkò. Ó ń ṣí àpótí aṣọ. Ó ń wo inú garawa ìdọ̀tí wa kí n tó gbé e jáde, mo sì mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

"Ìyàwó," yóò wí, "mo tún rí i. Oṣù yìí náà já sí òfo?"

Yóò sọ ọ́ kí àlejò tó wá kí wa lè gbọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó dá àwọn ìyá ìjọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ bá wa fi èyí sínú àdúrà. Ilé àbúrò mi dákẹ́ jù."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo tún fẹ́ kí òun ni ilẹ̀ gbé mì.

Adébánjí kì í bá a jà nítorí mi. Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù rẹ̀. Ó gbà pé òun gan-an ló jẹ̀bi.

"Búnmi, má dá Àǹtí lóhùn," ó máa ń sọ. "Ségede tó ṣe mí nílé ìwé ló bà mí jẹ́. Ọkùnrin míì tó ṣe náà kò bímọ."

Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Kò gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a gba àgbo wá láti Ìjẹ̀bú, àgbo dúdú kan báyìí tó ń rùn bí ewé tó ti rà. Láràárọ̀ ni Adébánjí ń di imú mu ún. Omijé a máa bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń mu ún. Èmi a sì dúró tì í pẹ̀lú ife omi kí ó fi ṣan ẹnu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é. Láràárọ̀ kan náà, kí n tó gbé omi fún un, mo ti gbé oògùn tèmi mì: oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún.

Kì í ṣe pé n kò fẹ́ ọmọ. Lọ́dún tí a ṣe ìgbéyàwó, Ọ̀gá Owólabí sọ fún mi pé òun yóò rán ẹnì kan lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìlú Ọba, èmi ló sì wà lọ́kàn òun. Ó fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n n kò lè rán aboyún lọ o." Mo ní kí n kàn dúró fún ọdún kan. Wọ́n sún ìrìn àjò náà síwájú. Wọ́n tún sún un. Ìgbà tó yẹ kí n sọ fún ọkọ mi ti kọjá, irọ́ náà sì ti gbó mọ́ mi lára bí aṣọ.

Ibi tí n ó tọ́jú oògùn náà sí ló kù. Mo fi sínú agolo pọ́dà, Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá wá yá pọ́dà. Ọlọ́run ló ní kí n tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi sí imú bàtà, ó wọ bàtà mi lọ sí ọjà. Orí ló kó mi yọ: oògùn náà wà nínú bàtà mìíràn tó fi sílẹ̀, èyí aláwọ̀ búlúù.

Nígbà náà ni wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù onírin wọlé.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó. Irin gidi. Kò sí ẹni tó lè fi ìka jan án kí ó ṣí. Mo gbé téèpù ilé-iṣẹ́ sí iwájú. Mo ti oògùn mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún "kà", ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn láti ọdún mẹ́ta tí èémí mi balẹ̀ nílé ara mi.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá ní, "Kọ́kọ́rọ́ mi ńkọ́?"

Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpò ọwọ́ mi. Mo ti dì í mú. Ó kù kí n fà á yọ ni mo rò ó: lọ́jọ́ tí n kò bá sí nílé, tí ó rán dírẹ́bà wá gbé téèpù, tí Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá sì dúró tì í nígbà tó bá ṣí i?

"Ó ti sọnù, sà."

"Ó sọnù?"

"Mo wá a títí, sà. Bóyá ọwọ́ àwọn tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù wá ló ti já bọ́."

"A óò pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀," ó ní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀, kò rántí mọ́. N kò rán an létí.

Mo sọ kọ́kọ́rọ́ kejì sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, láàárín òwú àti bọ́tìnì. Èmi kì í rán nǹkan kan. Ẹ̀rọ náà ti di tábìlì tí à ń gbé àtùpà lé. Kọ́kọ́rọ́ kìíní, mo fi okùn gbé e kọ́ ọrùn.

Kò pẹ́ tí Àǹtí rí i.

"Kí ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn?"

"Nǹkan ilé-iṣẹ́ ni, Àǹtí."

"Ilé-iṣẹ́ náà kò ní ilé ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tó wà níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ."

"Ó ju èmi náà lọ?"

Mo wò ó lójú. "Ó jù yín lọ, mà."

Ẹ ò lè mọ bí gbólóhùn yẹn ti dùn lẹ́nu mi tó. Mo tún un sọ nínú ara mi títí mo fi sùn. Láti ìgbà náà, bó bá ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, n ó mọ̀ọ́mọ̀ mi kọ́kọ́rọ́ náà kí ó dún.

Ó fi ẹjọ́ mi sun àbúrò rẹ̀. "Báńjí, obìnrin wo ló ń ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọkọ rẹ̀ nínú yàrá ọkọ rẹ̀? Kí ló ń tọ́jú síbẹ̀ tó fi ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀?"

Adébánjí bi mí léèrè ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fi ìbínú dá a lóhùn.

"Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn oníbàárà wa ni. Bí mo bá ṣí i fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ni. Àbí ẹ fẹ́ kí n ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ó dáa," ó ní. "N kò ní í bèèrè mọ́."

Kò sì bèèrè mọ́. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Nínú oṣù kejìlá, iṣẹ́ gbé Adébánjí lọ sí Kàdúná. Ó ku èmi àti Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá nínú ilé. A kì í kí ara wa. Bí ó bá wà ní kíṣìnnì, n ó dúró sí yàrá. Bí mo bá jáde, yóò wọlé. Bí mo bá se ọbẹ̀, yóò se tirẹ̀ lọ́tọ̀, yóò sì sọ sí afẹ́fẹ́ pé, "Mo mọ ohun tí mò ń jẹ."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn tí mo lọ síbi iṣẹ́, ìgbẹ̀yìn ni mo tó gbọ́. Etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló já. Ó ní kí òun fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi rán an. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń wá òwú funfun. Ó rí kọ́kọ́rọ́ kan tó jọ èyí tó ń dún lọ́rùn mi.

Èmi kò mọ nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi bí mo ti máa ń ṣe. Oògùn mi wà níbi tó wà. Àpótí téèpù wà níbi tó wà, wọ́n dé e gírígírí. Mo gbé oògùn mì, mo tì í padà, mo lọ.

Ní ọjọ́rú, a wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí èéfín yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn onírin. Wáyà ẹ̀rọ amúlétutù ló gbiná. Kí a tó wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a tó ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí, iná ti gbilẹ̀. Kọ̀ǹpútà yọ́. Àwọn téèpù tó wà lórí pẹpẹ rún bí ẹ̀fọ́ tó jóná.

Gbogbo wa dúró níta, a ń wúkọ́. Àwọn kan ń sunkún. Ọ̀gá Owólabí jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín. Lẹ́ẹ̀kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákẹ́ ẹkún! Ẹ̀rọ ni, a ó ra òmíràn. Gbogbo iṣẹ́ wa wà lọ́dọ̀ Ọlábùnmí!"

Wọ́n yíjú sí mi. Ẹnì kan gbá mi mọ́ra. Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀, èyí tí kò ṣe fún òṣìṣẹ́ kankan rí. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba yẹn, kà á sí èyí tó ti parí. Ìwọ ni yóò lọ." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn téèpù náà. A ti ń yà wọ Festac kí n tó rántí.

Mo ní kò burú. N ó wọlé nìkan, n ó gbé téèpù jáde fún un.

A bá Adébánjí ní pálọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kàdúná ni, àpò ìrìn àjò rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ní iwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà. Bí wọ́n ti dákẹ́ lójijì fi hàn pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀gá kí wọn, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ìyàwó yín ló gbà wá lónìí," ó sọ fún Adébánjí.

"Ṣé ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ wá gbé?" Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá bi í.

"Òun ni, mà."

"Ẹ jẹ́ kí ó lọ gbé e wá."

Mo yára wọ yàrá. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa oògùn mi yọ, mo fẹ́ tì í bọ àyà mi. Ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ mi mú láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ agbẹ̀bí ni, ó le bí irin.

"Mú un jáde," Àǹtí wí. "Báńjí! Wá wo ilé-iṣẹ́ ìyàwó rẹ."

"Ẹ fi mí sílẹ̀!"

"N kò ní í fi ọ́ sílẹ̀."

A ń jà, ẹ gbà mí gbọ́. Èmi tí mo kàwé, òun tí ó jù mí lọ dáadáa, a ń fa ara wa lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù. Páálí oògùn náà já bọ́, ó ṣubú síwájú bàtà Adébánjí tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó tún un kà.

"Ta ló ń lo èyí?"

Mo nawọ́ láti gbà á padà.

"Bi í léèrè ìgbà tó ti ń lò ó," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Páálí tó ti tán ló kún ẹ̀yìn ibẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di báyìí!" mo pariwo mọ́ ọn. "Ẹ kò jẹ́ kí n mí! Gbogbo oṣù lẹ ń wo ìdọ̀tí mi! Ta ló fẹ́ bímọ sínú ilé tí ẹ wà?"

Ó sún mọ́ mi. Kò pariwo.

"Oògùn yẹn? Mo ń fún àwọn obìnrin ní Abúlé Adó. Èmi kọ́ ni yóò bá obìnrin jà nítorí pé kò fẹ́ lóyún. Ká ní o sọ fún mi, èmi fúnra mi ni ǹ bá bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń mu májèlé láràárọ̀, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin tó bàjẹ́, ìwọ sì ń gbé omi fún un."

Adébánjí wò mí. N kò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ rí i mọ́.

"Búnmi," ó ní, "ò ń wò mí tí mò ń mu ún."

Kí n tó lanu, Ọ̀gá ké ní pálọ̀. Bí mo ti ń wo ojú Adébánjí, n kò mọ̀ pé Àǹtí ti gbé àpótí téèpù jáde fún un. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ti ṣí i. Ó wà lórí eékún rẹ̀. Téèpù náà dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní gígégígé, kò sí èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o jọ bí ẹni pé ó lè so ó pọ̀.

"Ta ló ṣe èyí? Ta ló ṣe èyí fún mi?"

Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá padà lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Adébánjí lọ sí kíṣìnnì. A gbọ́ tí ó ń da ìgò àgbo nù.

Ọ̀gá pe ọlọ́pàá. Ní tésàn, sájẹ́ǹtì kan tó jókòó lẹ́yìn káńtà bèèrè pé, "Ta ló gé e?" Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

"Òun ni! Ẹ tì í mọ́lé! Ọ̀daràn ni!"

Mo dúró de kí ó sẹ́. Mo ń fẹ́ kí ó sẹ́, kí n lè rí i tí wọ́n ń fà á lọ.

"Èmi ni," ó ní. "Àlùmọ́gàjí iṣẹ́ mi ni mo fi gé e. Mo mọ̀ pé nǹkan pàtàkì ni. Ó ti sọ fún mi pé ó jù mí lọ. Ìdí tí mo fi gé e gan-an nìyẹn. Inú bí mi, mo sì ṣe é, ẹ ṣe ohun tí òfin bá ní."

"Báwo lẹ ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin?" Ọ̀gá bi í. "Ẹ fọ́ ọ ni?"

"N kò fọ́ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ ni mo fi ṣí i. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì."

Ó fà á yọ nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó gbé e lé orí káńtà.

Ọ̀gá Owólabí kò wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ́. Èmi ló yíjú sí.

"Èyí tó sọnù nìyẹn?"

Mo yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Ọlábùnmí, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Èyí tó sọnù nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

"O mọ ibi tó wà lọ́jọ́ tí mo bi ọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Ó tú èémí jáde. "Mo ra ilẹ̀kùn onírin. Mo gba ọdẹ. Gbogbo oṣù ni mo ń yí ọ̀rọ̀ àṣírí padà. Gbogbo wàhálà yẹn, ìta ni mo kọjú sí." Ó nawọ́ sí Àǹtí. "Obìnrin yìí, òní ni mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ, mo mọ̀ ọ́. Má wá síbi iṣẹ́ mi mọ́."

Wọ́n ti Àǹtí mọ́ àgọ́ fún ọjọ́ méjì. Mo fẹ́ kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ pé yàrá ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni ni òun ń tọ́jú ohun àwọn oníbàárà òun sí. Adébánjí ló lọ mú un jáde. Kò bá mi sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tó dé.

Ẹ má rò pé mo ti jìyà tán. Mo padà sí Amúwò lọ kó àwọn nǹkan mi tí iná kò jó. Èrò ti kún ẹnu géètì. Ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan tó jẹ́ oníbàárà wa fẹ́ kógbá wọlé, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rí wá pé òun ti pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó lè gba owó tó tọ́ sí i. Ẹ̀rí wo? Wọ́n ti dáná sun káàdì wọn, ẹ̀rọ tó yẹ kó mọ̀ wọ́n kò sí mọ́.

Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa ló tọ́ka sí mi. "Òun nìyẹn!"

Wọ́n yí mi ká. Obìnrin kan já gèlè mi gbà, ó jù ú sínú erùpẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní olè, wọ́n ń pè mí ní apànìyàn. Bàbá àgbàlagbà kan, Àmúsà ni wọ́n ń pè é, fi èjìká gba àárín wọn wá sí iwájú mi. Kò bú mi. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ìka méjì ni kò sí níbẹ̀.

"Inú máṣíìnì wọn ni ìka mi kù sí," ó ní. "Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá wọn tọ́jú rẹ̀. Ìyáàfin, ta ni n ó bi báyìí? Ṣé kí n bi ẹ̀yin?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," ó ní. Ó sì tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi.

Mo kó ẹrù mi lọ sí ilé ìyá mi ní Ìkọ̀rọ̀dú kí ọdún tó parí. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní títẹ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹlòmíràn ló lọ sí Ìlú Ọba.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo rí kọ́, n kò ní í sọ pé kí obìnrin máa bí ọmọ tí kò fẹ́. N kò kábàámọ̀ pé mo fẹ́ dúró díẹ̀. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé wọ́n fi ohun ọ̀pọ̀ èèyàn sọ́wọ́ mi, mo sì rí i bí ibi tí mo lè sá pamọ́ sí. Ká ní téèpù nìkan ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, n kì bá tí bẹ̀rù kí Ọ̀gá ní kọ́kọ́rọ́. Kì bá tí sí kọ́kọ́rọ́ kankan nínú dúrọ́ọ̀. Àǹtí Ẹ̀bùnlọlá ìbá máa wo kọ́bọ́ọ̀dù títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Adébánjí wá sí Ìkọ̀rọ̀dú lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ìyá mi gbé àga sábẹ́ igi fún wa, ó sì fà sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há.

"Dìde," ó ní. "Mo ti dáríjì ọ́, Búnmi. Ó ti tán nínú mi."

"Ṣé kí n kó ẹrù mi padà wá sílé?"

Ó wo ojú ọ̀run.

"Mo ti dáríjì ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún mi pé òjò ń rọ̀, n ó jáde lọ wò ó."

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó sì lọ.

Ìyá mi sáré wá bá mi. "Kí ló wí? Kí ni ọkọ rẹ wí?"

"Ó ní òun ti dáríjì mí, Màámi."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́, ó ń pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá bá òun yọ̀. N kò sọ ìyókù fún un.